Dókítà Eyín Tó Di Àgbẹ̀: Ṣé Irọ́ Ni Àwọn Realist Amẹ́ríkà Ń Yà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ọ̀dà epo ni mo sì fẹ́ràn jù. Mo fẹ́ ya ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ há gádígádí: òpó iná, wáyà, pátákó ìpolówó, kẹ̀kẹ́ márúwá. Olùkọ́ mi ní bí mo bá yọ ìkankan nínú wọn, irọ́ ni mo pa, pé kí n lọ wo àwọn realist Amẹ́ríkà tí wọ́n ya ìlú àti oko bí wọ́n ṣe rí i gan-an. Mo lọ wò wọ́n, ibẹ̀ ni mo sì ti kà á pé dókítà eyín ni àgbẹ̀ inú American Gothic, àwòrán olókìkí ti ọkùnrin àti obìnrin kan tí wọ́n dúró níwájú ilé pákó funfun! Ṣé irọ́ ni àwọn náà ń pa ni? Kí ló sì dé tí àwọn èèyàn dúdú fi ṣọ̀wọ́n nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn? Ìkẹyìn: ṣé mo lè ya nǹkan láti inú fọ́tò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Ohun tí o kà kì í ṣe àhesọ: dókítà eyín ni baba yẹn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ ni mi ò lè fọwọ́ sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní kí o lọ wò yẹn, mi ò mọ ẹyọ kan nínú àwọn tó lórúkọ láàárín wọn tó ya ohun tó wà níwájú rẹ̀ láìyọ, láìfi kún. Ṣíṣà ni gbogbo wọn ń ṣà. Wọ́n á mú ilé láti ìlú kan, wọ́n á mú ojú èèyàn láti ìlú mìíràn, wọ́n á pa ilẹ̀kùn rẹ́, wọ́n á sún ilé sẹ́yìn kí pápá lè gùn. Bí o bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́, ìdí tí wọ́n fi yọ nǹkan ni kí o bi wọ́n, má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n yọ ọ́.

Jẹ́ ká mú ti baba oníṣẹ́ eyín yẹn. Ní oṣù kẹjọ 1930, Grant Wood, ayàwòrán ará Iowa, wà ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Eldon. Ó rí ilé pákó funfun kan níbẹ̀, ilé mẹ̀kúnnù ni, ṣùgbọ́n fèrèsé òkè rẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ayé àtijọ́ ní Yúróòpù. Ilé tó kéré tó bẹ́ẹ̀, fèrèsé tó ń gbéraga tó bẹ́ẹ̀! Ó yà á wéréwéré sórí bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú ẹni tó yẹ kó máa gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló yà. Ó padà sí Cedar Rapids, ó bẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nan, àti Byron McKeeby tó máa ń tọ́jú eyín rẹ̀, pé kí wọ́n wá dúró fún òun. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá. Àwọn méjèèjì kò jọ dúró fún un, kò sì sí èyí tó dúró níwájú ilé Eldon yẹn nígbà tó ń yà wọ́n.

Wá wo àwòrán náà dáadáa. Fi ojú wọn sílẹ̀ ná, wo fọ́ọ̀kì onírin ẹlẹ́nu mẹ́ta tí baba dì mú, èyí tí wọ́n fi ń kó koríko. Wo àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ kóòtù dúdú yẹn: ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà tún ya fọ́ọ̀kì mìíràn síbẹ̀. Gbójú sókè wo fèrèsé ṣóńṣó náà: igi tó là á láàárín gba ọ̀nà kan náà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì wáyé nínú àwòrán. Wood ti lọ sí Munich ní 1928, ó ti dúró níwájú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́ ilẹ̀ Flanders àti Jámánì, àwọn tí wọ́n máa ń ya òwú aṣọ ní ẹyọ ẹyọ. Ibẹ̀ ni ojú gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn àti awọ tó ń dán yẹn ti wá. Bùrúùṣì ọ̀ṣọ́ tó wà lọ́rùn Nan, ìyá òun àti Wood ló ni ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé tọkọtaya ni wọ́n; Nan kò gbà bẹ́ẹ̀ láéláé, ó ní baba àti ọmọbìnrin rẹ̀ ni.

Wọ́n gbé àwòrán náà síbi ìdíje ní Art Institute of Chicago lọ́dún yẹn kan náà. Ó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà pẹ̀lú 300 dọ́là, ilé ọnà náà sì rà á. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e dé Iowa, inú àwọn àgbẹ̀ ru. Wọ́n ní Wood fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ sí i tí ìṣòro ọrọ̀ ajé ńlá fi le, tí gbogbo èèyàn ń wá ẹni tí ìyà kò lè ṣẹ́ lẹ́yìn, ojú kan náà tí wọ́n ní ó jẹ́ yẹ̀yẹ́ wá di ojú àwọn baba ńlá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwòrán kò yí padà, àwọn tó ń wò ó ló yí padà. Ó ṣeé ṣe fún wọn láti rí ara wọn níbẹ̀ lọ́nà méjèèjì nítorí pé kì í ṣe ìdílé kan báyìí ló wà níbẹ̀.

Ibo ni ọgbọ́n ṣíṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ti àwọn ará ìgboro, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo máa tọ́ka sí. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, Philadelphia ni William Glackens, George Luks, Everett Shinn àti John Sloan ti ń fi yíya àwòrán sínú ìwé ìròyìn jẹun. Kò tíì rọrùn nígbà náà láti tẹ fọ́tò sínú ìwé ìròyìn kíákíá. Bí ilé bá gbiná, bí ọkọ̀ bá forí sọra, ayàwòrán ni wọ́n máa rán lọ. Á sáré wò ó, á fa ìlà mélòó kan sórí bébà, á wá padà sí ọ́fíìsì lọ yà á láti inú orí rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ kò lè rántí iye bíríkì tó wà lára ògiri. Ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé ilé tó ń jó ni yóò rántí.

Robert Henri, ayàwòrán àti olùkọ́, ló kó wọn jọ, ó sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde lọ sí ìgboro. Wọ́n ṣí lọ sí New York lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì 1908, àwọn márùn-ún wọ̀nyí àti àwọn mẹ́ta mìíràn pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Macbeth Galleries, ilé ìpàtẹ àwòrán kan níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún irú àwòrán wọn ní orúkọ ìnagijẹ, Ashcan, ìyẹn agolo tí wọ́n ń da eérú sí lẹ́yìn ilé. Wàá rí wọn bí o bá wá wọn: àwọn ọlọ́tí inú McSorley's Bar tí Sloan yà ní 1912, àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń sá irun wọn lórí òrùlé lọ́jọ́ Àìkú, òun náà ló yà wọ́n lọ́dún kan náà. Èmi fẹ́ràn ti irun yẹn ju ti ọlọ́tí lọ.

George Bellows, tí òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Henri, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ní 1909 ó ya Stag at Sharkey's, àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò méjì tó so kọ́ra nínú ilé ìgbafẹ́ Tom Sharkey, tí kò jìnnà sí ibi tí Bellows ti ń ṣiṣẹ́. Òfin New York kò fàyè gba ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní gbangba nígbà náà, nítorí náà ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa jà, wọ́n á sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ fún alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tán. Àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ ní kò sí abẹ̀ṣẹ́ tó ń dúró bí ó ṣe yà wọ́n. Bellows dáhùn pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ́, pé ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ pa ara wọn lòun ń yà. Wo àwòrán náà, wàá rí i pé ojú àwọn tó ń jà kò hàn, ẹran ara wọn jẹ́ kìkì bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe gbá ọ̀dà lọ. Ojú tó hàn ni ti àwọn òǹwòran, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n ń gbádùn.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí jù wá nìyí: Nighthawks, tí Edward Hopper parí ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1942. A mọ ọjọ́ yẹn nítorí pé ìyàwó rẹ̀, Josephine, tí wọ́n ń pè ní Jo, ní ìwé tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sí: àwọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹni tó rà á, iye tó rà á. Fún àwòrán yìí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé igi ṣẹ́rì ni káńtà náà, pé ìlà aláwọ̀ ewé tó ń dán gba inú àwòrán kọjá, pé búláòsì pupa ni obìnrin náà wọ̀.

Ó dájú pé o ti rí i rí. Òru ni, igun òpópónà kan ní New York, ilé oúnjẹ kan tí dígí yí ká, iná funfun inú rẹ̀ sì tàn dé orí títì. Ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó ti ara wọn, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kò sì kanra. Ọmọkùnrin tó ń tajà bẹ̀rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń wá nǹkan lábẹ́ káńtà.

Ó yá, bá mi wá ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà láti títì wọlé. Wá a dáadáa. Kò sí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó hàn wà nínú lọ́hùn-ún, ó jọ pé ilé ìdáná ló lọ. Wá bébà tí atẹ́gùn ń gbá kiri, wá agolo ìdọ̀tí, wá ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. New York là ń sọ o, níbi tí pàǹtí kì í tán nílẹ̀! Hopper gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì, ẹ̀rọ ìgbowó kan péré ló dá jókòó sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n wo ohun tó fi sílẹ̀: pátákó ìpolówó sìgá Phillies, ó gùn gbọọrọ lórí ilé oúnjẹ náà, kò sì lẹ́wà rárá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà láti pa á rẹ́.

Hopper fúnra rẹ̀ sọ pé ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Greenwich Avenue ló fi í sí òun lọ́kàn, àti pé òun dín ohun tó wà níbẹ̀ kù gan-an, òun sì jẹ́ kí ilé oúnjẹ náà tóbi sí i. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdánìkanwà ìlú ńlá ni òun ń yà láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rìn yí àdúgbò náà ká tí wọ́n ń wá ilé yẹn, wọn ò rí i, nítorí pé kò fìgbà kan wà bí ó ṣe yà á. Kí ó tó yà á sórí kánfáásì, ó ti ya àwòrán ìmúrasílẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá, ó ń gbé àga káńtà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń yí ọrùn ọkùnrin yìí padà.

Àwọn tó jókòó ńkọ́? Jo ni obìnrin tó wọ pupa, ẹni ọdún 58 sì ni nígbà náà. Ní ti àwọn ọkùnrin, Hopper dúró níwájú dígí, ó fi ara rẹ̀ yà wọ́n. Nítorí náà tọkọtaya àgbà kan, nínú ilé wọn ní Washington Square, ni wọ́n di gbogbo àwọn àjèjì tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ yìí. (Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé Hopper dá nìkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ní 1913 ó ta àwòrán ọlọ́dà epo kan ní 250 dọ́là, ọdún mẹ́wàá gbáko ni kò fi ta òmíràn. Jo, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ló dárúkọ rẹ̀ fún Brooklyn Museum ní 1923, tí wọ́n fi ra àwòrán ọlọ́dà olómi kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní 100 dọ́là. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ní 1924, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun ni gbogbo obìnrin tí ọkọ rẹ̀ yà. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò rí ọwọ́ mú bẹ́ẹ̀.)

Ronú nípa àsìkò náà pẹ̀lú. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 1941 ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ológun Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń ba New York pé ó lè kan àwọn náà, wọ́n sì ń kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe máa pa iná lóru. Àsìkò yẹn ni ẹni yìí ń ya ilé kan ṣoṣo tí iná rẹ̀ ń tàn yòò láàárín òkùnkùn. Kò ya ọkọ̀ òfuurufú, kò ya sójà kan. Ṣùgbọ́n wò ó bóyá ara rẹ balẹ̀ nígbà tí o bá wò ó. Art Institute of Chicago ra òun náà lọ́dún yẹn kan náà, ní 3,000 dọ́là, tí ó fi jẹ́ pé ilé kan náà ló ni àgbẹ̀ Wood àti ilé oúnjẹ Hopper.

Ní ti oko, Andrew Wyeth ṣe irú rẹ̀ nínú Christina's World ní 1948. Aládùúgbò rẹ̀ ni Christina Olson ní Cushing, ìpínlẹ̀ Maine. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e, kò sì fẹ́ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó máa ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kọjá nínú pápá. Wyeth rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé òkè. Ẹni ọdún 55 ni Christina, ṣùgbọ́n ara obìnrin tó wà nínú àwòrán, ti Betsy ìyàwó Wyeth ni, ẹni ọdún 26. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó di koríko mú nìkan ni ti Christina. Ó tún ààyè ilé àti abà tò. Pupa ẹyin ló fi po ọ̀dà rẹ̀, ó sì ń ya koríko ní ẹyọ ẹyọ títí pápá náà fi dà bí ẹni pé kò ní í tán. Àwọn alárìíwísí kan kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó ń wá àánú. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà tó lọ sílé ṣe jìn tó lójú ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn ni Wyeth yà, fọ́tò kò sì lè wọn ìyẹn.

Má rò pé gbogbo ohun tí wọ́n yọ ni mo fara mọ́. Lọ wo Stone City, tí Grant Wood kan náà yà ní 1930, lọ́dún American Gothic. Òkè rẹ̀ rí róbótó róbótó, igi rẹ̀ dà bí bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìlú tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni Stone City, ìlú tí sìmẹ́ńtì ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì ti kó lọ. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, owó ohun ọ̀gbìn já wálẹ̀, báńkì ìgbèríko ń kú, gbèsè ń gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. O ò ní rí ìkankan nínú rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyí: yíyọ tó ń tu ẹni tó ń wò ó lójú, tó ń jẹ́ kó gbàgbé ohun tó yẹ kó rí. Nígbà tó di 1934, Alexandre Hogue ní Texas ya Drouth Stricken Area: iyanrìn bo ilé, ẹran ọ̀sìn kan tó ti gbẹ dúró lẹ́bàá ọpọ́n omi, ẹyẹ igún sì wà nítòsí, ó ń dúró dè é. Hogue náà ṣà. Ohun tó ṣà kò jẹ́ kí èèyàn sùn ni.

Ìbéèrè rẹ kejì bọ́ sí ibí gan-an, nítorí pé àwọn èèyàn dúdú ni ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán yìí yọ láìtilẹ̀ mọ̀ pé àwọn yọ nǹkan. Hopper gbé New York ní gbogbo àsìkò tí Harlem, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú níbẹ̀, ń kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni èèyàn dúdú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn yà wọ́n. Winslow Homer ya àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń já òwú ní 1876, wọ́n ga ju pápá òwú lọ, ojú wọn sì le. Henry Ossawa Tanner, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dúdú, ya The Banjo Lesson ní 1893: baba àgbà kan ń kọ́ ọmọ kékeré bí wọ́n ṣe ń ta banjo, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá. Bellows ya dúdú àti funfun tí wọ́n ń jà nínú Both Members of This Club, ní 1909, kò tíì pé ọdún kan tí Jack Johnson, abẹ̀ṣẹ́ dúdú, gba adé ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní Sydney. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún àwòrán náà ní èébú nínú. Èyí tó wá sọ ọ́, pé ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni àwọn méjèèjì, lo máa rẹ́rìn-ín sí bí o bá rántí irú ẹgbẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ̀ dáadáa ni Jacob Lawrence, tí wọ́n bí ní 1917, tó sì dàgbà ní Harlem. Láàárín 1940 sí 1941, ó ya àwòrán 60 sórí pátákó, nípa bí àwọn èèyàn dúdú ṣe kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú àríwá. Ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, bá a múra àwọn pátákó náà sílẹ̀. Ó tò wọ́n kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi àwọ̀ kan kun gbogbo wọn kí ó tó bọ́ sí èyí tó kàn, kí pupa ti àkọ́kọ́ lè bá pupa ti ìkẹyìn dọ́gba. Ojú èèyàn rẹ̀ kò ní ojú àti imú kíkún bíi ti Wood, àwọn onímọ̀ kan kò sì ní fẹ́ kí n kà á mọ́ àwọn realist. Èmi á kà á mọ́ wọn. Wo pátákó 15. Ó sọ nínú àkọlé rẹ̀ pé wọ́n ń so àwọn èèyàn kọ́ láìṣẹjọ́. Òkú kankan kò sí nínú àwòrán náà. Ẹ̀ka igi kan ló wà níbẹ̀, okùn tó ṣófo, àti ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó ká jọ. Ní ọdún kejì, 1942, ní Washington, Gordon Parks ní kí Ella Watson, obìnrin tó ń gbá ọ́fíìsì ìjọba, dúró níwájú àsíá Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ọ̀pá ìnulẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ bíi ti àgbẹ̀ Wood, ó sì wá di mímọ̀ sí American Gothic. Fọ́tò náà rèé, tí olùkọ́ rẹ lè gbà pé kì í purọ́: ẹni tó yà á ló sọ ibi tí obìnrin náà máa dúró sí àti ohun tó máa dì mú.

Lawrence dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní 1962 Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó, ó wá wò ó. Ní 1964 òun àti Gwendolyn padà wá, wọ́n lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọjà sì ni ohun tó gbà á lọ́kàn jù. Street to Mbari, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington báyìí, jẹ́ àwòrán òpópónà ọjà: òrùlé páànù, ìdì aṣọ, ẹrù lórí, èrò lọ, èrò bọ̀, kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Hopper tó yọ èrò kúrò nínú New York, Lawrence ní kí èrò ọjà kún àwòrán òun dé ẹnu. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí ló yà.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan òpó iná yẹn, rántí ohun tó dá ẹsẹ̀ rẹ dúró lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà. Bó bá jẹ́ bí wáyà àti kẹ̀kẹ́ ṣe há a mọ́ ni, tí ó sì ń dá ewé rẹ̀ lé ara wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, fi wọ́n sílẹ̀, kódà fa òpó náà sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí bí ó ṣe jókòó ni, yọ wọ́n. Pátákó ìpolówó ni kí o má tètè yọ. Fi èédú yà á lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kékeré, ọ̀kan pẹ̀lú pátákó, ọ̀kan láìní pátákó, kí o gbé méjèèjì kọ́ ògiri fún ọjọ́ díẹ̀. Gbé wọn lọ fún olùkọ́ rẹ náà kó wò wọ́n, má bá a jiyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ fọ́tò. Thomas Eakins, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá gbogbo wọn, lo fọ́tò ju bí àwọn tó gbé ayé nígbà rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú àwòrán yẹ Mending the Net tó yà ní 1881 wò, wọ́n rí àwọn ìlà wínníwínní tó họ sójú kánfáásì, níbi tó ti da ojú fọ́tò kọ ọ́ tó sì sàmì sí i. Oríṣiríṣi fọ́tò ló sì fi ṣe àwòrán kan ṣoṣo. Hopper ní tirẹ̀ ra kámẹ́rà kékeré kan fún àwọn ilé, ó pa á tì, ó ní ohun tó mú kò bá ohun tí ojú rí mu. Nítorí náà kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Fi fóònù ya ọwọ́ ìyá náà, ya agbọ̀n rẹ̀, ya bí ìró rẹ̀ ṣe wé. Ìmọ́lẹ̀ ni kí o má fi lé fóònù lọ́wọ́: á sọ òjìji di dúdú biribiri, á sì sọ ojú ọ̀run di funfun. Máa lọ síbẹ̀ lásìkò kan náà lójúmọ́, kí o fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọ̀ tí o rí sórí àwòrán ìmúrasílẹ̀, bí Hopper ṣe ń ṣe. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà kí o tó gbé fóònù sókè o, kí o sì ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.